Ṣé ayédèrú ni táìsì tó ń fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tẹ́ táìsì ní Òṣogbo ló kọ̀wé sí mi pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún tó kọjá ni mo gba fúrídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tí mo dá gbà nìyí, pálọ̀ ìyá kan, táìsì pọ́sílénì tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60. Tí mo bá gé mẹ́wàá, mẹ́ta á fọ́, pàápàá níbi férémù ilẹ̀kùn. Ọ̀gá mi ní ayédèrú ni táìsì ọ̀hún. Ẹlòmíì ní kí n rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kó lè rọ̀. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ọ̀kan lára àwọn tí mo ti tẹ́ ti là lẹ́yìn oṣù kan, méjì mìíràn sì ń dún bí igbá òfìfo tí a bá kàn án. Ìyá ní èmi ni n ó san gbogbo rẹ̀. Kí ni mo ń ṣe tí kò dáa?”

Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Mo mọ bó ṣe máa ń ṣe ẹni tí táìsì olówó gọbọi bá dún “kẹ́ẹ́” lábẹ́ ẹ̀rọ, tí onílé sì dúró lẹ́yìn ẹni tó ń ka iye tó fọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì lo dì pọ̀ sínú ẹyọ ìbéèrè kan. Èyí tó ń fọ́ nígbà tí o ń gé e ní ìdí tirẹ̀, èyí tó là lẹ́yìn tí o ti tẹ́ ẹ ní ìdí tirẹ̀, omi mọ́jú kò sì lè wo èyíkéyìí sàn nínú méjèèjì. Ní ti ayédèrú, mi ò ní sọ pé irọ́ ni ọ̀gá rẹ pa. A máa dé ibẹ̀.

Ìbàdàn ni èmi ti kọ́kọ́ pàdé 60 sí 60. Ṣáájú ìgbà náà, 30 sí 30 àti 40 sí 40 ni ọwọ́ wa mọ̀. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mo fọ́ mọ́kànlá. Ọ̀gá mi kò bú mi. Ó ní kí n má da àfọ́kù kankan nù, kí n tò wọ́n padà sórí yanrìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń to ìkòkò tó fọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni mo tò ó dé. Nígbà tí mo ṣe tán, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka sí ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti jáde. Nínú mẹ́jọ, inú igun tí mo gé fún férémù ni ìlà ti bẹ̀rẹ̀, tó sì dábùú lọ sí etí kejì. Nínú méjì, ìparí ibi tí mo ń gé ni, níbi tí ẹyọ tó yẹ kó kúrò ti já bọ́ kí bíléèdì tó dé ibẹ̀. Ẹyọ kan péré ló là láàárín gbùngbùn láìsí ìdí tí a rí. Ìwọ náà, bó o bá ṣì ní àfọ́kù nílẹ̀, tò wọ́n. Mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ibi kan náà lo máa bá a.

Ohun tó fà á kò ju bí wọ́n ṣe ṣe pọ́sílénì lọ. Amọ̀ ni, bíi ti ìkòkò, àmọ́ amọ̀ tí wọ́n po mọ́ òkúta tí wọ́n lọ̀ kúnná bí èlùbọ́, tí ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ gan-an, tí wọ́n sì sun nínú iná tó lé ní 1,200 ìwọ̀n Celsius. Iná yìí mú kí inú rẹ̀ yọ́ díẹ̀, kí gbogbo ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ dí. Ìlànà ISO 13006, ìyẹn ìlànà àgbáyé fún táìsì, sọ pé táìsì tí a bá pè ní pọ́sílénì kò gbọdọ̀ mu ju ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ lọ ní omi. Ẹyọ 60 sí 60 kan máa ń wọ̀n tó kílò 8. Bó o bá rì í sínú omi títí, gbogbo ohun tó lè mu kò kún ṣíbí ìjẹun mẹ́ta. Báwo ni ìyẹn ṣe fẹ́ mú un rọ̀? Àwọn àgbà tó ń rẹ táìsì sómi kò ya wèrè o. Táìsì ògiri ilé ìwẹ̀ ni wọ́n ń rẹ, èyí tó máa ń mu ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí wọn kò bá rẹ ẹ́, yóò fa omi inú sìmẹ́ńtì gbẹ kí sìmẹ́ńtì tó dì. Ìyẹn ni wọ́n ń sá fún, kì í ṣe fífọ́. Àwa ọmọ iṣẹ́ la gba àṣà náà láìgba ìdí rẹ̀, tí a wá ń ṣe é fún táìsì tí òùngbẹ kì í gbẹ. Bó o bá rẹ pọ́sílénì, omi á kàn dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, kò ní jẹ́ kí sìmẹ́ńtì mú un dáadáa.

Pé nǹkan le kò ní kó má fọ́. Ọparun máa ń tẹ̀, ìkòkò kì í tẹ̀. Pọ́sílénì le ju ìkòkò lọ fíìfíì, ìyẹn ni kò ṣe mọ ìtẹ̀ rárá. Nǹkan kan tún wà tí a kì í fojú rí. Nígbà tó ń kúrò nínú iná, ara òde rẹ̀ á ti tutù kí inú tó tutù. Òde á dì, inú á ṣì máa fẹ́ sún kì, wọ́n á wá máa fa ara wọn bí okùn tí a so le. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún láìsí wàhálà. Ọjọ́ tí o bá gé e lo tú okùn yẹn sílẹ̀, yóò sì wá ibi tó máa gbà jáde. Ibi tó sì rọrùn fún un jù ni igun inú tó mú ṣonṣo. Wo bí oníṣọ̀nà aṣọ ṣe máa ń fi àlùmọ́gàjí sín etí aṣọ díẹ̀ kó tó fọwọ́ ya á. Ibi tó sín yẹn ni aṣọ máa gbà ya. Igun tí o ń gé fún férémù, bí ẹni tó sín aṣọ létí ni. Ó tún wá burú bí bíléèdì rẹ bá kọjá igun, nítorí bíléèdì róbótó máa ń gé ìsàlẹ̀ kù, àwa á sì tì í síwájú díẹ̀ kí ìsàlẹ̀ lè já. Díẹ̀ yẹn ló ń pa á.

Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí igun inú mú. Fàlà sí ojú táìsì, kó o wá lu ihò kan sí ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 8 tàbí 10, kó o tó fi ẹ̀rọ kan ohunkóhun. Bíìtì oníhò inú tí wọ́n fi dáyámọ́ńdì sí lẹ́nu ni kó o lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń lu búlọ́ọ̀kù. Pa hámà orí dírìlì, dá dírìlì ní ẹ̀gbẹ́ nígbà tí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kó má baà máa yọ̀, tó bá ti jẹ ojú táìsì kó o wá gbé e nàró díẹ̀díẹ̀, kó o máa ta omi sí i. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kó o gé láti etí wá sínú ihò, kó o dúró síbẹ̀. Ìlà kejì náà bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ àárín etí kan lo fẹ́ gé wọnú, bíi ibi òpó, ihò méjì ni. Mo mọ̀ pé ihò yìí máa gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́wọ́ rẹ. Ka owó táìsì mẹ́ta kó o fi wé e.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ wa kì í rò nítorí pé a ti máa ń yára láti ẹnu ilẹ̀kùn. Kó o tó po nǹkankan, to táìsì gbígbẹ láti ògiri dé ògiri kó o wo ibi tí oríkèé máa bọ́ sí. Bó o bá lè sún un kí oríkèé táìsì méjì bọ́ sí etí férémù gan-an, o ò ní nílò igun kankan níbẹ̀ mọ́, ìgé tààrà méjì ti tó. Bí férémù bá sì jẹ́ ti igi, gbé àfọ́kù táìsì kan lé ilẹ̀, fi ayùn rẹ́ ìsàlẹ̀ igi náà ní ìwọ̀n yẹn, kó o ti táìsì bọ abẹ́ rẹ̀. Ó máa ń mọ́ jù, onílé á rò pé oṣó ni ẹ́. Ilẹ̀kùn onírin kò gba irú èyí, ihò la máa lù fún ìyẹn.

Ní ti irinṣẹ́, ìgé tààrà láti etí dé etí, kọ́tà ọlọ́wọ́, èyí tí kò lo iná, tó ń fi kẹ̀kẹ́ kékeré fa ìlà sójú táìsì ká tó ṣẹ́ ẹ, ni kó o fi ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọwọ́ kan náà, agbára kan náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó o máa gbọ́ ìró bíi kí ènìyàn máa ya aṣọ tuntun. Bí ìró yẹn bá já lójú ọ̀nà, ìlà náà ti já níbẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ká tún fi kẹ̀kẹ́ gba orí ìlà náà lẹ́ẹ̀kejì “kó lè jinlẹ̀.” Kì í jinlẹ̀, ńṣe ló ń rún etí ìlà, tí táìsì á fi yà kúrò lójú ọ̀nà nígbà tí o bá ṣẹ́ ẹ. Bí ẹ̀ẹ̀kan kò bá ń mú un mọ́, kẹ̀kẹ́ ló kú, pààrọ̀ rẹ̀.

Fáìlìn maṣíìnì tìrẹ, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí bíléèdì róbótó ń yí lórí rẹ̀, ni mo ń fura sí jù. Wo bíléèdì tó wà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí etí rẹ̀ ní eyín ńláńlá tó jìnnà síra, kọ́ńkéré ni wọ́n ṣe é fún. Eyín kọ̀ọ̀kan ń gbá táìsì bí òòlù ni. Èyí tí etí rẹ̀ yí po láìjá, tó sì tín-ín-rín, ni ti pọ́sílénì. Ṣùgbọ́n èyí tó dáa pàápàá máa ń kú lójú nítorí pé pọ́sílénì ń dán an. Dáyámọ́ńdì á bo mọ́lẹ̀ sínú irin, o ò ní mọ̀, wàá kàn máa rí i pé ò ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó gé. Nígbà tó bá di bẹ́ẹ̀, fi gé búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Yanrìn inú búlọ́ọ̀kù á ha irin yẹn kúrò, dáyámọ́ńdì á tún yọjú. Mo ti rí ẹni tó ju bíléèdì tí kò tíì lo ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ nù, tí búlọ́ọ̀kù tó lè tún un ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Iná náà ńkọ́? Nílé wa níbí, èyí ṣe pàtàkì ju bí àwọn oníwèé ṣe rò lọ. Fáìlìn maṣíìnì kékeré yẹ kó yí tó 11,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Bí iná NEPA bá ń ṣe báìbáì, tàbí tí o so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I pass my neighbour,” tó tún ń gbé fáànù àti fíríìjì onílé, ẹ̀rọ kò ní sáré tó bẹ́ẹ̀. Bíléèdì tó ń fà á máa há, á fò, á sì fọ́ táìsì. Gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ohùn bá ń rẹlẹ̀ nígbà tó bá kan táìsì, gbé e kúrò. Má sì gé e já lẹ́ẹ̀kan. Kọ́kọ́ gba ojú ìlà lọ ní jíjìn tí kò ju mìlímítà 2 lọ, kó o wá padà wá jìn ín. Kó o tó bẹ̀rẹ̀, gé bíi sẹ̀ǹtímítà 3 láti ìparí wá, kí bíléèdì lè bá ibi tó ti là pàdé. Èyí ni kì í jẹ́ kí igun ìkẹyìn ya.

Mo fẹ́ bi ọ́ ní ohun kan tí o kò kọ: orí kí lo ti ń gé e? Bó bá jẹ́ pé orí àpò sìmẹ́ńtì kan ni, tí apá kejì sì rọ̀ sílẹ̀ lófuurufú, a ti rí apá kan nínú mẹ́ta yẹn. Gbogbo ẹ̀yìn táìsì ló gbọdọ̀ fara kan nǹkan, títí kan apá tí o fẹ́ gé jù nù. Yanrìn tí a fi igi fà tẹ́jú dáa, fóòmù pẹlẹbẹ lórí pákó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ omi gba sùúrù. Omi dára fún bíléèdì, ó ń pa eruku, ó sì ń jẹ́ kí ìgé mọ́. Mo mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ máa ń já etí píọ́wọ́tà, kó máa ta á sí iwájú bíléèdì. Èmi náà ti ṣe é. Ṣùgbọ́n wọn kò ṣe fáìlìn maṣíìnì fún omi, iná tó ń gbé e sì lè pa ènìyàn. Bí agbára rẹ bá gbé ẹ̀rọ orí tábìlì tó ní àwo omi, òun ni kó o lò. Bí kò bá gbé e, fi fóòmù tó rin nu ojú ìlà kó o tó gé e, má ṣe é pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, má ṣe é lórí ilẹ̀ tó tutù, má sì yọ irin ààbò tó bo bíléèdì. Eruku tó ń jáde lára rẹ̀ kì í ṣe eruku ilẹ̀ lásán. Eruku òkúta ni, ó ń bà sínú ẹ̀dọ̀fóró, oògùn tó lè yọ ọ́ padà kò sí. Aṣọ tí wọ́n fi ń di imú kò tó o. Ra ìbòmú tó ní N95 lára.

Wàyí o, ayédèrú. Táìsì tí kò dáa wà lóòótọ́. Mú méjì nínú páálí, fi ojú kọ ojú. Bó o bá fi ìka tẹ igun kan tí igun kejì dìde, tó ń mì bí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ti tẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti sun ún. Táìsì tó tẹ̀ kì í jókòó lórí kọ́tà, bó o bá ṣẹ́ ẹ, á fọ́. Ìkejì, fi ìka méjì gbé ẹyọ kan nàró kó o fi oríkèé ìka kàn án. Ó yẹ kó dún bí agogo. Bó bá dún “kọ̀” bí ìkòkò tó ti sán, ó ti là kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ojú lásán lè má rí i. Inú ọkọ̀ ló ti máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí wọ́n bá tò ó ní ìbùlẹ̀. Etí ni táìsì fi ń dúró nínú ọkọ̀, a ò gbọdọ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹní. Àwọn baba ńlá wa mọ èyí. Àwọn tó fi àpáàdì ṣe ojú ilẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láyé àtijọ́, èyí tí ìtàn Ifẹ̀ sọ mọ́ orúkọ Ọọ̀ni Lúwo, etí ni wọ́n fi gún àpáàdì wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀, wọn kò tẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà níbẹ̀ di òní. Nítorí náà, bí tìrẹ bá dún bí agogo, tó sì jókòó dáadáa, dákun, má ba ọjà ọlọ́jà jẹ́.

Ó ku èyí tó là lẹ́yìn oṣù kan. Méjì tó ń dún bí igbá ti jẹ́rìí sí i: abẹ́ wọn ṣófo. Mo rò pé ẹ gbé sìmẹ́ńtì pípò sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín, ẹ wá fi òòlù rọ́bà lù ú títí lẹ́fẹ́ẹ̀lì fi dúró. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ ọ, ó sì ń gbà fún táìsì kéékèèké. Fún 60 sí 60, ẹsẹ̀ àga kan tó bá bọ́ sí orí ibi tó ṣófo ti tó láti là á. Tún rántí pé pọ́sílénì kì í mu omi, sìmẹ́ńtì lásán kò rí ihò kankan tó lè wọ̀ mú. Lẹ́yìn rẹ̀ sì máa ń ní ẹtù funfun kan, tí wọ́n fi sí i kó má baà lẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ti sun ún. Bó o kò bá fi fóòmù tútù nù ún kúrò, ẹtù ni sìmẹ́ńtì rẹ á mú, kò ní mú táìsì.

Ohun tó dáa jù ni gọ́ọ̀mù táìsì alápò tí wọ́n kọ C2 sí lára, nítorí ìlọ́po méjì agbára C1, ìyẹn gọ́ọ̀mù gbẹ̀fẹ́, ni ìlànà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Fi tírówẹ̀lì eléyín mìlímítà 10 ya á sílẹ̀ ní ìlà tààrà, kì í ṣe róbótó, fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn táìsì, gbé e lé e, kó o sún un síwá sẹ́yìn ní ìdábùú àwọn ìlà náà kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Lẹ́yìn táìsì kẹta, ṣí ọ̀kan sókè wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dùn ún ṣe nígbà tó ṣì tútù, lọ́la kò ṣe é ṣe mọ́. Mo mọ̀ pé gọ́ọ̀mù wọ́n, kì í sì í ṣe gbogbo onílé ló máa gbà. Bó bá jẹ́ yanrìn àti sìmẹ́ńtì lowó wọn ká, ó lè dúró nínú ilé orí ilẹ̀, bí yanrìn bá tẹ́ dé ibi gbogbo, tí o nu ẹ̀yìn táìsì, tí o sì fi sìmẹ́ńtì pa á pátá. Lórí dẹ́kìn, ìyẹn ilẹ̀ òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, èmi kò jẹ́ ṣe é. Méjèèjì náà fẹ́ oríkèé mìlímítà 2 tàbí 3 láàárín táìsì, àti àyè díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí síkọ́tìn (táìsì tẹ́ẹ́rẹ́ ìdí ògiri) máa bò. Ẹni tó bá fún táìsì pọ̀ gbágbágbá, bí oòrùn àti ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, á dìde nílẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ariwo.

Àmọ́ mi ò tíì rí ilẹ̀ yẹn, ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ nìyẹn. Kúnlẹ̀ kó o wo ìlà náà. Bó bá parí sínú ẹyọ táìsì kan, abẹ́ ló ṣófo, ìwọ lo ni ín. Bó bá la táìsì méjì tàbí mẹ́ta kọjá lójú kan, kọ́ńkéré abẹ́ rẹ̀ ló là, bíríkìlà gbọdọ̀ wá wò ó kí ẹnikẹ́ni tó san nǹkan kan. Méjì tó ń dún yẹn, bó bá jẹ́ igun kan ṣoṣo ló ń dún, fi í sílẹ̀, ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá jẹ́ àárín, yọ ọ́ nísinsìnyí tí táìsì irú rẹ̀ ṣì wà lọ́jà.

Ní ti owó, bá ìyá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́tù. Èmi máa ń sọ ṣáájú iṣẹ́ pé kí wọ́n ra ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé ìwọ̀n yàrá, nítorí ìgé àti àṣèṣekú, pé ohun tó bá fọ́ kọjá ìyẹn, ọrùn mi ló wà. O kò sọ bẹ́ẹ̀, kò sí àdéhùn. Fún ìdí yìí, ohun tó tọ́ lójú tèmi ni pé kí o fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ pààrọ̀ èyí tó là lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ wá jọ pín owó àwọn tó fọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ. Bó o bá fẹ́ yọ ọ́, kọ́kọ́ gé sìmẹ́ńtì oríkèé rẹ̀ yíká, fọ́ ọ láti àárín, kó o máa bọ̀ síta, má ti etí yọ ọ́, àwọn aládùúgbò rẹ̀ á bá a lọ. Yí ẹ̀yìn àfọ́kù tó tóbi jù sókè kó o tó dà á nù. Bó bá mọ́ tónítóní, tí ẹtù funfun ṣì wà níbẹ̀, o ti rí ìdáhùn rẹ. Bí sìmẹ́ńtì bá lẹ̀ mọ́ ọn káàkiri, àṣìṣe ni mo ṣe nípa ilẹ̀ rẹ, kọ̀wé padà sí mi.